Àbẹ́là Kòkó Tí Mo Ṣe fún Bàbá Mi

Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi ọkùnrin lórí fóònù pé mò ń ṣe àbẹ́là fún Bàbá wa, ó ní, "Àǹtí mi, àbẹ́là fún ẹni tí kò ríran?" Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Inú máa ń tètè bí mi, gbogbo ilé wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní parọ́ pé ọjọ́ yẹn yàtọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé kò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi àbẹ́là ọ̀hún ṣe. Ìmọ́lẹ̀ kọ́ ni mò ń wá. Òórùn ni mò ń wá, òórùn tí yóò mú kí bàbá mi dúró lọ́dọ̀ mi.

Bàbá mi wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ fún ní ilé àti ilẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró, nítòsí ìlú Oǹdó, kí wọ́n lè máa dáko. Kòkó ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Kòkó ni wọ́n fi tọ́ èmi àti àbúrò mi, kòkó ni wọ́n fi rán wa nílé-ìwé, kòkó náà ni wọ́n sì fi sin ìyá wa. Wọ́n ti lo ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí àìsàn ojú mú wọn, irú èyí tí kì í dunni, tó máa ń jí ìríran kó díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n ṣubú sínú kòtò kan lẹ́bàá ọ̀nà oko ni a tó mọ̀. Wọ́n wà nínú kòtò náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, kí ọlọ́kadà kan tó ń kọjá lọ tó gbọ́ ohùn wọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ mú wọn wá sí Àkúrẹ́.

Àdúgbò Ìsìkàn ni mò ń gbé, nínú ilé tí mo háyà lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti lọ sí yunifásítì, yàrá wà, oúnjẹ wà, ilé ìwòsàn ojú kò sì jìnnà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo tẹ́ ibùsùn fún Bàbá ní yàrá ẹ̀yìn, mo ra rédíò tuntun fún wọn, mo ń fi ọwọ́ ara mi gún iyán fún wọn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Wọn ò ráhùn rárá. Wọ́n kàn ń dákẹ́ sí i lójoojúmọ́ ni, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ sì ń dínkù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ní kí n jókòó. Èdè Oǹdó ni èmi àti wọn jọ máa ń sọ. Mo kàn ń tún un sọ níbí ní Yorùbá ilé-ìwé kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ.

"Mo fẹ́ padà sí oko," ni wọ́n wí.

"Ẹ ò ní padà. Ta ni yóò máa wò yín níbẹ̀?"

"Imú mi kì í sinmi níbí." Wọ́n gbé ojú tí kò ríran sókè sí mi. "Láti àárọ̀ dalẹ́, òórùn ilé onílé ni mò ń gbọ́. Ọṣẹ tí o fi fọ aṣọ ibùsùn. Èéfín kẹ̀kẹ́ márúwá. Ata tí àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ń dín. Bí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó rántí ibi tí mo wà, imú mi á ti sọ fún mi pé àlejò ni mí."

Mo rò pé mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo ní bó bá jẹ́ òórùn oko ló ń wù wọ́n, màá gbé e wá bá wọn ní Àkúrẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní orí kunkun mi yìí, ìyá mi ni mo fi jọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láyè títí òjò yóò fi dá. Bí òjò bá dá tí wọ́n ṣì fẹ́ lọ, èmi fúnra mi ni màá wa ọkọ̀ gbé wọn padà. Wọ́n gbà. Mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bí mo ṣe fẹ́ kí òjò ọdún yẹn má tètè dá.

Mo ti mọ àbẹ́là ṣe ṣáájú àkókò yẹn. Àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa la jọ kọ́ ọ: èèyàn á yọ́ ìda lórí iná, á da òróró olóòórùn dídùn sí i, á na òwú sí àárín ife, á wá da ìda náà sínú rẹ̀ kó dì. Lọ́jà, mo rí obìnrin kan tó ń ta òróró fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti ìpara, ó sì ní òun ní ti kòkó. Mo rà á. Nígbà tí mo tan àbẹ́là tí mo fi ṣe, Bàbá fa imú lẹ́ẹ̀kan péré.

"Bísíkíìtì nìyí," ni wọ́n wí. "Kòkó dà?"

Ìgbà yẹn ni mo pe àbúrò mi pé kó fi kòkó gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi, tó béèrè ìbéèrè tó béèrè, tí mo sì pa fóònù. Olùkọ́ ni ní ìlú Oǹdó, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í bínú. Lọ́jọ́ kẹta, awakọ̀ kan gbé àpò kékeré kan dé fún mi. Mo lọ kòkó náà, mo sè é lórí iná kékeré nínú òróró àgbọn, mo sẹ́ ẹ. Òróró náà pọ́n dẹ̀ẹ̀dẹ̀, òórùn kòkó tòótọ́ ló wà lára rẹ̀. Mo ṣí igò náà sábẹ́ imú Bàbá. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n dì í mú pẹ́. Ṣùgbọ́n àfi kí èèyàn gbé igò síbi imú kó tó gbọ́ nǹkan kan, èmi sì fẹ́ kí òórùn náà kún yàrá, kó wà níbẹ̀ bí wọ́n bá jókòó, kó wà níbẹ̀ bí wọ́n bá dìde. Àbẹ́là nìkan ló lè ṣe ìyẹn.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́, àṣìṣe ẹni tó mọ ọbẹ̀ sè ni. Nílé tiwa, ohunkóhun tí a bá fẹ́ kó wọ ọbẹ̀ lára, a máa ń jẹ́ kí wọ́n jọ hó pọ̀ ni. Mo da òróró kòkó sínú ìda lórí iná, mo dé e, mo fi sílẹ̀ kí wọ́n jinná wọ ara wọn. Gbogbo ilé ta sánsán. Ìyá onílé yọjú láti ojú fèrèsé ìdáná mi.

"Kí lò ń sè nínú ulé yìí tó ń dùn mọ́ni nímú báyìí?"

Inú mi dùn. Mo ní òògùn àárò oko ni. Nígbà tí àbẹ́là náà dì tí mo tàn án, kò ní òórùn kankan ju ti ìda lásán lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú síta. Mo ní obìnrin tó kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kò mọ nǹkan kan, mo ní ìda tí wọ́n tà fún mi kò dára. Bàbá ní kí n jókòó.

"Èyí tí ìyá onílé gbọ́ lójú fèrèsé ńkọ́?" ni wọ́n bi mí. "Ṣé o rò pé á padà sínú ìkòkò ni?"

Òórùn tó kún ilé mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tí mo fi ń yangàn, òun gan-an ni òórùn tó yẹ kó wà nínú àbẹ́là. Iná ti lé e jáde kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo sọ ìda kalẹ̀, mo dúró kó tutù díẹ̀ kí n tó da òróró sí i. Mo tan àbẹ́là ọ̀hún ní ọjọ́ kejì. Ó ta sánsán fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti ń kọrin lábẹ́nu, àfi bí òórùn náà ṣe pòórá. Iná ṣì ń jó, ìda ṣì ń yọ́, kò sí kòkó mọ́.

"Ọjọ́ wo lo ṣe é?" Bàbá béèrè.

"Àná ni, Bàbá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Àkúrẹ́, mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. "Ọmọ àgbẹ̀ ni ọ́! Kòkó tí a fọ́ lónìí, tí a sá lọ́la, ṣé kòkó nìyẹn?"

Mo rántí. Bí a bá fọ́ kòkó, a máa ń kó o jọ tòun ti omi ara rẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó fi ewé mìíràn bò ó, a ó jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko kí a tó sá a. Ìyá mi ló máa ń yí i padà. Ẹni tó bá kánjú, kòkó rẹ̀ á korò, kò sì ní ní òórùn tó yẹ. Bàbá ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ fún wa nígbà yẹn tí a bá ń yọ wọ́n lẹ́nu pé kí wọ́n jẹ́ ká sá a: "Ẹni tó bá kánjú dé oòrùn, kò ní gbọ́ òórùn." Wọ́n tún un sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, èmi ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Wọ́n ní kí n ṣe àbẹ́là mìíràn, kí n kó wọn sábẹ́ ibùsùn àwọn, kí n bò wọ́n, kí n má fọwọ́ kàn wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí òróró àti ìda lè mọ ara wọn. Bàbá fúnra wọn ló ń ṣọ́ àwọn àbẹ́là náà. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ wọlé, kí n tó kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á ní, "Ó ku mẹ́sàn-án." Lọ́jọ́ kejì, "Ó ku mẹ́jọ." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun tán. Mo sọ fún ara mi pé mo ti borí.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, òórùn náà pẹ́ ju ti ìṣáájú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kí àbẹ́là tó dé ìdajì, ó tún ti rẹlẹ̀. Òwú sìtóòfù kẹrosíìnì ni mo fi ṣe é, torí òun ló wà nílé. Bàbá tẹ́tí sí i.

"Iná yẹn ń pariwo jù," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ga, àbí? Ó ń jẹ òórùn kí òórùn tó ráyè jáde."

Mo wò ó. Lóòótọ́, ọwọ́ iná náà ga, ó ń jó fìrìfìrì, ó ti kun ẹnu ife dúdú. Ojú mi méjèèjì là, mi ò rí i. Mo yọ òwú ńlá kúrò nínú iṣẹ́ mi, mo fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe òmíràn, a tún kó wọn sábẹ́ ibùsùn, a tún ń ka ọjọ́. Òjò kò rọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kàn ta sílẹ̀ díẹ̀ ni. Mo máa ń wo ojú ọ̀run láti fèrèsé ọ́fíìsì bí ẹni tó ń wo ojú adájọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo tan èyí tó yege. Mo gbé e sórí àwo oníyanrìn lórí tábìlì, níbi tí ọwọ́ Bàbá kò lè dé, mo sì jókòó tì í, nítorí mi ò fi iná sílẹ̀ pẹ̀lú wọn rí. Kò pẹ́ tí yàrá fi kún. Kì í ṣe òórùn líle. Ó rí bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó sẹ́bàá kòkó tí oòrùn ti pa fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá fẹ̀yìn ti àga. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ nípa ìyá mi, bí ó ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó padà lórí ẹní tó sì máa ń bú àwọn adìẹ tó bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Mo jókòó, mo ń gbọ́, mo mọ̀ lọ́kàn mi pé wọn ò ní lọ mọ́. Mo ti ń rò ó pé màá máa ṣe mẹ́rin lóṣù.

Ó tó bí wákàtí kan kí wọ́n tó dákẹ́. Wọ́n yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́," ni wọ́n wí.

Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Ojú ti lọ, etí náà wá ń lọ? Mo dìde fùú, mo pariwo sí wọn létí, "Bàbá! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Bàbá!" Mo ti ń wá fóònù láti pe ilé ìwòsàn.

"Kí ló dé tí o ń pariwo bí ẹni tí ilé ń jó?" Wọ́n fi ọwọ́ bo etí. "Etí kọ́. Imú ni. Mi ò gbọ́ òórùn kòkó rẹ mọ́."

Mo jókòó. Mo wo àbẹ́là náà. Ó dá mi lójú pé mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Èmi náà fa imú, èmi náà ò sì gbọ́ nǹkan kan. Omijé ìbínú fẹ́ bọ́ lójú mi. Bàbá na ọwọ́, wọ́n ní kí n mú àwọn jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo pa iná náà, mo mú wọn lọ. A dúró níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí a ń sá aṣọ sí, a gba atẹ́gùn sára. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ó tó, ká wọlé.

Bí a ṣe ṣí ilẹ̀kùn yàrá ni òórùn kòkó kọ lù wá. Ó kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

"O rí i?" Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Kò lọ síbì kankan. Imú wa ló ti mọ̀ ọ́n. Ní oko, bí kòkó bá ń kan, àwọn èèyàn tó wá kí wa láti Oǹdó máa ń di imú. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ kì í gbọ́ ọ. Ọgọ́ta ọdún, mi ò gbọ́ òórùn ilé mi rí. Ìgbà tí o gbé mi kúrò níbẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ó ní òórùn."

"Ṣebí mo ti gbé e wá fún yín."

"O gbé e wá. O ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ní ilé mi, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ibi tí imú èèyàn bá ti sinmi ni ilé rẹ̀."

Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní wọn ò mọ oore. Mo ní oṣù mẹ́rin ni mo fi ń jẹ́ kí èéfín fín mi lójú nídìí ìkòkò nítorí wọn. Bàbá wá ọwọ́ mi títí wọ́n fi rí i, wọ́n sì dì í mú bí wọ́n ṣe di igò yẹn mú. Mo sunkún, ojú sì tì mí pé mò ń sunkún bí ọmọdé níwájú bàbá mi tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Òjò kò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn rárá.

Ìlérí ni ìlérí ń jẹ́. Àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ gbà láti kó lọ sí oko, kí ó máa ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Oǹdó. Ó dí kòtò ọjọ́sí. Ó na okùn kan láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó na òmíràn dé ibi tí a ti ń sá kòkó, kí Bàbá lè máa dì í mú rìn. Nígbà tí mo rí àwọn okùn náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí mi nípa ọ̀rọ̀ fóònù. Ó ní fóònù wo.

Ọjọ́ tí mo gbé wọn lọ, a ti kọjá ìlú Oǹdó, a ti yà sí ọ̀nà eléruku, kí Bàbá tó ní kí n sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀. Àsìkò kòkó ni. Àwọn aládùúgbò ti bo tiwọn sábẹ́ ewé. Òórùn kíkan náà wọ inú ọkọ̀, ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi etí gèlè mi bo imú. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀. Bàbá mí kanlẹ̀, wọ́n mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí a délé tí a jẹun tán, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń gbọ́ ọ.

"Gbọ́ kí ni?" ni wọ́n wí, oorun sì gbé wọn lọ lórí àga níbẹ̀.

Mo padà sí Àkúrẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìyá onílé kí mi kú ìrìn, wọ́n ní ulé ti dákẹ́ jù. Mo lọ tààrà sí yàrá ẹ̀yìn láti kó aṣọ ibùsùn fún fífọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì dúró.

Bàbá mi wà nínú yàrá náà. Ìpara ìrora tí wọ́n máa ń fi ra orúnkún, obì tí wọ́n ń jẹ, káńfọ̀ àárín aṣọ wọn, àbẹ́là kòkó, àti nǹkan kan tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀, tó jẹ́ ti ara wọn nìkan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí mo ti ń wọ yàrá yẹn láàárọ̀ àti lálẹ́, mi ò gbọ́ ọ rí. Ó kọ lù mí bí ìgbà tí wọ́n bá pe èèyàn lórúkọ.

Mo sáré ti fèrèsé. Mi ò fọwọ́ kan aṣọ ibùsùn mọ́. Mo fa òórùn náà símú títí ó fi rẹlẹ̀, títí ó fi lọ. Mo bá jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn aṣọ, mo gba atẹ́gùn sára, mo tún wọlé, mo sì tún bá wọn níbẹ̀. Mo tún jáde, mo tún wọlé. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo jókòó sórí ibùsùn bàbá mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣì wà nínú yàrá náà, imú mi ló ti mọ̀ wọ́n.